Àwọn Lẹ́tà Tó Ń Pariwo

Nígbà tí bàtà tó ti parí kún orí pẹpẹ dé òkè àjà, Aránbàtà bẹ̀rẹ̀ sí í to ìyókù sórí àga àwọn oníbàárà, torí kò sí oníbàárà tó ń wá jókòó síbẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe irú bàtà tí ẹnikẹ́ni kàn lè mú wọ̀ lọ. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti rán bàtà fún ẹsẹ̀ tó ti sú àwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù: ẹsẹ̀ ọ̀tún tó tóbi ju tòsì lọ, ọmọ ìka tó gun orí ara wọn, eegun tó yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, ẹsẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Bí ẹnì kan bá wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀. Á ní kó bọ́ bàtà, á gbé ẹsẹ̀ náà lé itan ara rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, á tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, á ní, "Ibí yìí ńkọ́? Ṣó ń dùn yín?" Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò gbẹ́ igi bí ẹsẹ̀ náà ṣe rí gẹ́lẹ́, tí yóò sì fa awọ bò ó. Bàtà tí wọ́n bá ti rán fún ẹsẹ̀ ẹnì kan báyìí, kò sí ẹlòmíì tó lè bá olúwa rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí pẹpẹ tó kún yìí fi ń wọ̀ ọ́ lára.

Ọkọ rẹ̀ ló ń bójú tó lẹ́tà tí wọ́n fi ń sọ fún oníbàárà pé bàtà ti parí. Gbohùngbohùn ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, òun ni ohùn tí èrò máa ń gbọ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, èyí tó máa ń ké látorí òpó pé kí gbogbo ayé sún sẹ́yìn, ọkọ̀ ti ń wọlé. Ohùn náà máa ń jí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó sì máa ń mú àgbàlagbà sáré lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gba tábìlì kékeré tó wà lẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé kọ̀ǹpútà lé e, ó ní kí ìyàwó òun gbájú mọ́ awọ, òun á gbájú mọ́ ọ̀rọ̀. Fóònù ni Aránbàtà fi ń pe àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kì í gbé nọ́ńbà tí wọn ò bá mọ̀ mọ́, gọ́ọ̀mù sì máa ń pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé fóònù á lẹ̀ mọ́ ọn létí. Gbohùngbohùn ní ímeèlì ló kù. Ó gba orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó dá àdírẹ́sì tó dùn ún wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ló ṣe ń kọ̀wé.

"Ṣó dá yín lójú pé wọ́n ń rí àwọn lẹ́tà yìí gbà?" ìyàwó rẹ̀ bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Rí i gbà kẹ̀! Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti lọ. Kí ló tún kù?"

"Wọn ò wá."

"Wọ́n ń bọ̀. Àwọn èèyàn ayé ìsinsìnyí ni ara wọn ò yá."

Aránbàtà ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó gbé bàtà olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì kúrò lórí pẹpẹ, ó tẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ wò, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ibi ọmọ ìka. Kò sí àléébù kankan. Síbẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn tó fi rán an.

Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ń wò ó látibi àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó mi, bàtà yẹn ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, Màmá. Mo kàn fẹ́ tún un rán ni."

"Kí ló ṣe é?"

"Bóyá ọwọ́ mi ò dá múṣémúṣé mọ́. Bóyá àwọn èèyàn ti rí i, tí ojú sì ń tì wọ́n láti sọ fún mi."

Màmá na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jáde lábẹ́ aṣọ. "Ta ló rán èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mi? Ìgbà tí ọkọ rẹ ṣì ń pariwo ní rélùwéè lo rán an, kò tíì là, kò tíì yẹ̀. Gbé bàtà olùkọ́ yẹn sílẹ̀, jàre."

Ó rán ibi tó ti tú padà, ó sì gbé e sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò mìíràn ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ṣọ́ọ̀bù tuntun kan wà ní òdìkejì títì, tí wọ́n ti ń ta bàtà tí ẹ̀rọ rán. Bóyá ibẹ̀ ni gbogbo wọn gbà lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó wé gèlè bò dé ojú, ó yá jígí ojú Màmá, ó sì sọdá. Jígí náà mú gbogbo nǹkan tóbi, ó ń fọwọ́ tá ògiri wọlé bí ẹni tó ń wá iná. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń wọlé tó ń jáde. Kò sí ẹsẹ̀ kan tó mọ̀ níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ti rí i, ẹnu ọmọ náà sì dùn ju oyin lọ. Kó tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti padà sílé pẹ̀lú ọ̀rá kan lọ́wọ́. Sálúbàtà onírọ́bà ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ òdòdó, tí òdòdó ńlá tún wà lórí rẹ̀.

Gbohùngbohùn wò ó, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni mo rà á."

"Aránbàtà ra bàtà?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́. Aránbàtà náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó ń gé awọ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìrìn kan tó ń bọ̀ lójú títì: kò, gbì, kò, gbì. Kó tó gbójú sókè ló ti mọ ẹni tó ń bọ̀. Obìnrin kan ni, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ, tí ẹni tó rán bàtà fún un tẹ́lẹ̀ sì kàn lẹ odidi pákó mọ́ àtẹ́lẹ̀ tòsì. Ẹnjiníà kọ̀ǹpútà ni, Ẹnjiníà náà sì ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè ló ní kí Aránbàtà rán fún òun. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ máa ń gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, lọ́dọọdún ló sì máa ń jókòó sísàlẹ̀ tí á máa bá wọn ṣọ́ báàgì.

"Ẹnjiníà! Ẹ káàbọ̀ o!"

"Ẹ má kí mi, mà. Inú ń bí mi." Ó dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọ̀túnla, lọ́jọ́ Sátidé, là ń gun òkè. Mo dúró dè yín, mo dúró, ẹ ò wí nǹkan kan. Ká ní ẹ sọ fún mi pé ẹ ò lè rí i ṣe, ǹ bá ti mọ̀ pé màá tún ṣọ́ báàgì. Dídákẹ́ tẹ́ ẹ dákẹ́ yẹn ló dùn mí."

Aránbàtà nawọ́ sí pẹpẹ. Bàtà náà wà níbẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀, ọlọ́rùn gígùn, okùn rẹ̀ ti wà nínú ihò. Eruku ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á.

"Láti oṣù tó kọjá ló ti délẹ̀," ó wí.

Gbohùngbohùn ti dìde lórí àga. "Mo kọ̀wé sí yín! Mo kọ ọ́, mo tún un kọ, mo tún tún un kọ!"

"Ẹ ò kọ nǹkan kan sí mi, sà."

"ÈMI?" Ohùn ibùdó ọkọ̀ ló fi sọ ọ́, gíláàsì fèrèsé sì mì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wò ó ná," Aránbàtà bẹ̀ wọ́n.

Ẹnjiníà mú fóònù rẹ̀ jáde, ó wá a lọ sókè, ó wá a bọ̀ nísàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Lójijì, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ṣí àpò ìdọ̀tí, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ máa ń kó lẹ́tà àwọn gbájúẹ̀ àtàwọn aláriwo sí kó má bàa dé iwájú èèyàn. Lẹ́tà Gbohùngbohùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọkùnrin kan tó ṣèlérí pé irun á bo orí apárí kí ilẹ̀ tó mọ́ ló wà lókè rẹ̀. Ẹnì kan tó ní Ẹnjiníà ti jogún odidi ọkọ̀ ojú omi lọ́dọ̀ ẹni tí kò bá a tan ló wà nísàlẹ̀. Ó kà á sókè:

"BÀTÀ YÍN TI DÉLẸ̀!!! Ẹ MÁ JẸ́ KÓ BỌ́ MỌ́ YÍN LỌ́WỌ́!!! Ẹ TẸ IBÍ YÌÍ, KÍÁKÍÁ, KÍÁKÍÁ!!!"

Ẹ̀rín gbé e. Ó wá àga tí á jókòó lé, bàtà ti gba gbogbo àga, ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó wí nígbà tó rí èémí mí. "Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe? Èmi ni mò ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ímeèlì ní ọ́fíìsì wa. Èmi gan-an ni mo kọ́ ẹ̀rọ yẹn, mo ní bó bá ti rí lẹ́tà tó ń pariwo báyìí, kó gbé e jù sínú ìdọ̀tí. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì ni mo fún yín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi lé bàtà mi padà!"

Màmá ti ń bá a rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Gbohùngbohùn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti padà jókòó, ó sì kéré lójú lórí àga náà.

"Wọ́n kó mi pọ̀ mọ́ gbájúẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Èmi tí mi ò pe ọkọ̀ kankan ní ohun tí kò jẹ́ rí."

Aránbàtà fọwọ́ kàn án léjìká bó ṣe ń kọjá, ó gbé bàtà náà sílẹ̀ látorí pẹpẹ, ó fi aṣọ nù ún, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Ẹnjiníà. Ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa okùn wọn. Inú bàtà òsì ló fi ohun tó gbé e ga pamọ́ sí, lábẹ́ gìgísẹ̀, tó rọra ń lọ sílẹ̀ dé ọmọ ìka, débi pé téèyàn bá wò ó lóde, bákan náà ni méjèèjì rí.

Ẹnjiníà dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Kò, kò, kò, kò. Ó jáde, ó rìn dé kọ̀rọ̀ títì, ó padà, ó dúró síwájú gíláàsì fèrèsé, ó ń wo èjìká ara rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n dọ́gba.

"Ẹ bá mi kó bàtà kúrò lórí àga kan," ó wí níkẹyìn. "Mi ò kúrò níbí àfi tí mo bá tún lẹ́tà yín ṣe."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ dúró ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹnjiníà jókòó ti Gbohùngbohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, Aránbàtà dúró lẹ́yìn wọn tòun ti òòlù lọ́wọ́.

"Àkọ́kọ́," Ẹnjiníà wí, "lẹ́tà yín ń pe orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ kò ní káàdì ìdánimọ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè ní òun tibí yìí wá. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

Níbi tí Gbohùngbohùn ti gba orúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, Ẹnjiníà fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí gbogbo ẹ̀rọ ayé lè lọ wò. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ ẹ̀rọ tí ṣọ́ọ̀bù gbà láàyè pé kó máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórúkọ òun. Èkejì wà fún òǹtẹ̀ tí wọ́n á máa lù mọ́ ara lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án lọ́nà. Ẹ̀kẹta ń sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ohun tí wọ́n máa ṣe fún lẹ́tà tó bá wá láìní àwọn nǹkan wọ̀nyí. Gbohùngbohùn fi ìka kan ṣoṣo tẹ gbogbo rẹ̀, ó ń pe álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sókè. Iṣẹ́ yẹn ò nira fún un rárá; ní rélùwéè, ọkọ̀ tí kò bá ní ìwé àṣẹ kì í kúrò ní ibùdó.

Ohun tó kàn ló mú wàhálà wá. Ẹnjiníà ṣí ibi tí àdírẹ́sì wà, ó ń wò ó lọ sísàlẹ̀, kò tán.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí gbogbo èèyàn yìí?"

"Ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ló fi ta mí lọ́rẹ. Gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀!"

"Ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ máa kọ̀wé sáwọn?"

"Wọn ò ní kí n má kọ ọ́."

"Bàbá! Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti kú. Àdírẹ́sì ni mo wí o, kì í ṣe èèyàn. Àwọn tó sì wà láàyè, tí wọ́n bá rí lẹ́tà yín, wọ́n á ní ìdọ̀tí ni. Tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń sọ pé ìdọ̀tí ni yín, àwa tá à ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á gbà wọ́n gbọ́. Gbogbo rẹ̀ ló máa lọ. Àwọn tó fi ẹnu ara wọn fún yín ní àdírẹ́sì nìkan ló máa kù."

Gbohùngbohùn wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ò gbè é. Gbohùngbohùn dijú, ó tẹ bọ́tìnnì, gbogbo ìlú sì pòórá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé orí lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ẹnjiníà ní kó yọ gbogbo àmì ìyanu kúrò, kó fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́, kó má sì ní kí ẹnikẹ́ni tẹ ibì kankan kíákíá. Gbohùngbohùn gbìyànjú. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ó tún un kọ, ó tún pa á rẹ́.

"Tí mi ò bá pariwo," ó bú jáde, "báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ka lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan, Bàbá. Kì í ṣe èrò ọkọ̀."

Ó ṣì jókòó, ó káwọ́ lẹ́rán. Aránbàtà ló wá gbé òòlù sílẹ̀, tó sì lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Baálé mi, lọ́jọ́ tí gìgísẹ̀ bàtà mi já ní ibùdó ọkọ̀, ṣẹ́ ẹ rántí? Ẹ sọ̀ kalẹ̀ látinú yàrá gbohùngbohùn yín wá bá mi. Kí lẹ sọ?"

Ojú ti ọkùnrin náà níwájú àlejò. "Tipẹ́tipẹ́ ni."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní, 'Ẹ kú ìrìn. Bàtà yín ló já. Ẹ jókòó síbí, kò sí wàhálà, ọkọ̀ yín ò tíì dé.'"

"Ṣé ẹ pariwo?"

"Kí ni mo fẹ́ pariwo sí? Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Gbohùngbohùn yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó sì kọ ọ́ láìdúró: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Olùkọ́. Bàtà yín ti parí, ó ń dúró dè yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wá wọ̀ ọ́ wò nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Bí kò bá bá yín lẹ́sẹ̀ mu, a ó tún un ṣe." Ó kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti òpópónà rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹnjiníà fi ìlà kan kún un, fún ẹni tí kò bá fẹ́ lẹ́tà wọn mọ́, kó lè sọ bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa fi í lọ, kó sì máa bẹ àwọn tó bá gbà á pé kí wọ́n fèsì, nítorí ẹni tí èèyàn ń fèsì sí, ẹ̀rọ á mọ̀ pé kì í ṣe gbájúẹ̀.

Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí, kí wọ́n fi dán an wò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, fóònù rẹ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́tà náà sì wà lókè pátápátá, níbi tó yẹ kó wà. Wọ́n ní kó fèsì. Ó fèsì. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí bí Gbohùngbohùn ṣe ké nígbà tí wọ́n bí i, ó parí rẹ̀ sórí orúnkún tó ń dùn ún, ó sì béèrè ìgbà tí lẹ́tà mìíràn ń bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, Gbohùngbohùn fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà díẹ̀, àti sí àwọn ẹbí tó fi ẹnu ara wọn ní àwọn fẹ́ máa gbọ́ ìròyìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹni àkọ́kọ́ tó lo ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, tó ní òun ò fẹ́ lẹ́tà mọ́, àbúrò Gbohùngbohùn ni.

"Àbúrò mi! Ọmọ ìyá mi!"

"Ẹ jẹ́ kó lọ," Aránbàtà wí. "Ẹ lè pè é lórí fóònù kẹ́ ẹ sì pariwo mọ́ ọn níbẹ̀."

Ó pè é lóòótọ́. Gbogbo títì gbọ́ ọ.

Olùkọ́ ló kọ́kọ́ dé. Sálúbàtà ló wọ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé. "Mo rò pé ẹ ti gbàgbé mi ni," ó wí. "Mo ní bóyá ẹsẹ̀ mi ló burú jù."

Aránbàtà gbé ẹsẹ̀ náà lé itan rẹ̀. "Ẹsẹ̀ yín ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tó wà nílé yìí," ó wí, Olùkọ́ sì wo òkè àjà kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ̀. Bàtà náà wọ̀ ọ́ bí ìbọ̀sẹ̀. Ẹlòmíì wọlé kó tó dìde, àwọn méjì tún tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Sátidé, àwọn àga ti ṣófo, wọ́n sì tún ti kún, ṣùgbọ́n èèyàn ló kún wọn lọ́tẹ̀ yìí. Gbohùngbohùn ń pe ẹni tó kàn láti ìdí tábìlì, ìyàwó rẹ̀ sì fún un láyè láti lo ohùn ibùdó ọkọ̀ ní ìwọ̀nba.

Ní ọjọ́ Ajé, ìrìn kan tí kò mọ̀ dún lójú títì, Aránbàtà sì ní láti gbójú sókè kó tó mọ̀ pé Ẹnjiníà ni. Oòrùn ti sun imú rẹ̀. Ẹrẹ̀ pupa bo bàtà náà dé ọrùn, koríko gbígbẹ ṣì há sí okùn rẹ̀.

"Mo débẹ̀," ó wí. "Mà, mo dé orí rẹ̀! Mo jókòó sórí òkúta kan, mo ń wo ìlú nísàlẹ̀. Ọkùnrin kan tó máa ń gbé báàgì fún mi ṣọ́ bẹ̀ mí pé kí n rọra rìn, ó ti rẹ òun."

Màmá pàtẹ́wọ́. Gbohùngbohùn ní kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má fo nǹkan kan. Aránbàtà ti fa àpótí ìpara bàtà jáde, ó ti mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì ń nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹnjiníà fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó kó wọn pamọ́ sábẹ́ àga.

"Rárá o, mà. Ẹ má tíì nù ún," ó wí. "Mi ò tíì fi ẹrẹ̀ yẹn han àwọn ará ọ́fíìsì."